ÌMỌ́LẸ̀ TÍ GÍLÁÀSÌ Ń TÀN TÍ OJÚ KÒ RÍ

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wa lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì fi ojú rí i rí. Kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn o. Ọ̀rọ̀ fisíìsì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ọmọ ilé-kéú tó ní làákàyè kò lè gbé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Máàṣì ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tí wọ́n tẹ́ sí abẹ́ òkun já ní àdúgbò Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orúkọ wọn ni SAT-3, WACS, MainOne àti ACE. Lọ́jọ́ náà, íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà níbí, iṣẹ́ àwọn báńkì kan dúró, ti àwọn mìíràn ń fà bí ìgbín. Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí jẹ́ fún ìyá tó ń ta ata ní Ọjà'ba, tí kì í jẹ́ kí oníbàárà gbé ọjà lọ àfi tí alẹ́ẹ̀tì bá wọlé, tàbí fún ọ̀dọ́mọdé tó ta agbòòrùn POS rẹ̀ sí Bẹẹrẹ. Ohun tó já wà nínú ibú, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn sí Ìbàdàn gan-an, síbẹ̀ owó oúnjẹ òòjọ́ ni ó dí mọ́ wọn lọ́wọ́.

Gíláàsì ni ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú wáyà wọ̀nyí. Gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ni, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Láti Portugal dé Èkó, wáyà MainOne tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010 gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe lè rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú gíláàsì kí ó má kú sọ́nà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní erbium. Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìmọ́lẹ̀ tí à ń sọ.

Ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn pupa

Bí alágbẹ̀dẹ bá ti irin bọ iná, irin náà kì í ṣàdéédé pọ́n. Kí ó tó pọ́n rárá, bí ẹ bá na ọwọ́ sí ìtòsí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ẹ ó ti mọ ooru rẹ̀ lára. Ohun tó bọ́ sára ọwọ́ yín yẹn, ìmọ́lẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ni kò ní agbára láti rí i. Bí iná bá ṣe ń mú sí i ni irin yóò wá pọ́n fòò, tí ojú yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i.

Ní ọdún 1800, William Herschel, ọmọ Jámánì tó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé, gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn sórí gíláàsì onígun mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ náà sì pín sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè. Ó gbé ohun tí a fi ń wọn ooru sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó tún gbé ọ̀kan sí ẹ̀yìn pupa, níbi tí ojú kò ti rí àwọ̀ kankan. Ibẹ̀ gan-an ni ooru ti pọ̀ jù. Láti ìgbà náà ni aráyé ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kò parí síbi tí ojú parí sí. Èyí tó wà lẹ́yìn pupa yìí ni wọ́n ń pè ní infrared.

Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, bíi ti omi. Ohun tó ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni bí ìgbì rẹ̀ ṣe gùn tó. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Ojú ènìyàn ń rí ìgbì tó gùn láti nǹkan bíi 400, tí í ṣe àwọ̀ àlùkò, títí dé nǹkan bíi 700 nánómítà, tí í ṣe pupa. Èyí tó bá gùn ju ìyẹn lọ ti bọ́ lọ́wọ́ ojú.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ iwájú rẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù yín, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan. Lójú fóònù, ẹ ó rí i tí gílóòbù kékeré orí rìmóòtù náà ń ṣẹ́jú. Bí kámẹ́rà ẹ̀yìn kò bá rí i, ẹ lo ti iwájú. Ẹ wá gbé fóònù kúrò kí ẹ fi ojú lásán wò ó: òkùnkùn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá nínú kíláàsì pé, "Áàfáà, ṣé ojú fóònù wá mú ju ojú tí Ọlọ́run dá lọ ni?" A dá a lóhùn pé ohun tí wọ́n fi ṣe kámẹ́rà, èyíinì silicon, ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára títí dé nǹkan bíi 1,100 nánómítà, ìmọ́lẹ̀ rìmóòtù kò sì ju nǹkan bíi 940 lọ. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ inú wáyà abẹ́ òkun, ní àyíká 1,550 ni ó wà. Kámẹ́rà fóònù náà kò rí ìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀ níwájú.

Gíláàsì láti Ifẹ̀ títí dé òkè òkun

Yanrìn ni gíláàsì. Bí a bá fi iná tó lágbára yọ́ yanrìn, tí a fi àwọn nǹkan bí ẹfun àti eérú sí i kí ó lè tètè yọ́, tí ó sì tutù láìráyè tò ara rẹ̀ padà bíi ti òkúta, a ti ní gíláàsì. Nítorí pé ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó dì í pọ̀ ni afẹ́fẹ́ oxygen, gíláàsì oxide ni àwọn onísáyẹ́nsì ń pe irú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ mú iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ gíláàsì fúnra wọn láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ. Ní 2017 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Gíláàsì Ifẹ̀ yìí ní orómbó tirẹ̀: èròjà ẹfun àti alumina pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ, èyí ló sì fi hàn pé ìlú yìí ni wọ́n ti ṣe é, wọn kò kàn rà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ búlúù ibẹ̀, ìbátan sẹ̀gi tí àwọn ọba ń wọ̀, cobalt díẹ̀ ni ó fún un ní àwọ̀. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Èròjà díẹ̀ bín-ín-tín, tí kò tó iyọ̀ inú ọbẹ̀, bí a bá pò ó mọ́ gíláàsì, ó ń yí ohun tí gíláàsì náà ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe padà. Cobalt ń gbé àwọ̀ kan mì, ó ń fi òmíràn sílẹ̀. Erbium ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ kan mì, ó sì ń pọ òmíràn jáde.

Àwọn tó ti kọ́kọ́ wádìí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yà bàrà bí ó bá wọ inú gíláàsì tàbí omi, a rí àwọn tiwa nínú wọn. Ibn Sahl kọ̀wé lórí rẹ̀ ní Baghdad ní nǹkan bíi ọdún 984, lẹ́yìn rẹ̀ ni Ibn al-Haytham kọ Kitāb al-Manāẓir. Yíyà bàrà yìí ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró nínú wáyà gíláàsì. Àárín wáyà náà jẹ́ gíláàsì kan, ara rẹ̀ lóde jẹ́ gíláàsì mìíràn tó yàtọ̀ díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ yọ́ jáde yóò tún padà sínú, bíi pé dígí ni ó yí i ká.

Ṣùgbọ́n gíláàsì fèrèsé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ wo etí gíláàsì fèrèsé láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i pé ó dúdú bí ewé. Irin tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Ní 1966, Charles Kao, ọmọ Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ìdọ̀tí inú gíláàsì ni ẹlẹ́bi, pé bí a bá fọ gíláàsì mọ́ tónítóní, ìmọ́lẹ̀ yóò lè rìn jìnnà nínú rẹ̀. Ó rí bó ti wí. Ọdún 2009 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ìdajì lẹ́yìn ìdajì

Gíláàsì tó mọ́ jù lọ tí aráyé ń fi ṣe wáyà lónìí, ìgbì tó wà ní àyíká 1,550 nánómítà ni ó ń jẹ níyà díẹ̀ jù lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí. Síbẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bíi 15 kìlómítà, ìdajì ìmọ́lẹ̀ náà ti lọ. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí ẹni rìn láti Màpó lọ sí Mọ́níyà. Bí ó bá tún rin 15 mìíràn, ìdajì ìdajì ni yóò kù. Lẹ́yìn 120 kìlómítà, tí kò tíì pé ọ̀nà Èkó láti Ìbàdàn, ẹyọ kan péré ni yóò kù nínú 256.

Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Ẹ wá ṣírò ti 7,000 kìlómítà: a ó pín in sí ìdajì ní ìgbà tó lé ní 460. Bí a bá tilẹ̀ rọ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn ń tàn sí ẹnu wáyà náà ní Portugal, ẹyọ kan kò ní dé Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ gbé kálúlétọ̀ yín, ẹ ó rí i pé àsọdùn kọ́.

Nítorí náà ó di dandan kí wọ́n máa fún ìmọ́lẹ̀ náà lágbára lójú ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹ̀rọ kan yóò gba ìmọ́lẹ̀ náà, yóò sọ ọ́ di iná mànàmáná, yóò tún un ṣe, yóò sì sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà TAT-8 ṣe, èyí tó so Amẹ́ríkà mọ́ Yúróòpù ní 1988. Ẹ̀rọ náà wọ́n, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì lè bá ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ránṣẹ́ lórí àwọ̀ púpọ̀, àfi kí ẹ ra ẹ̀rọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Erbium àti ilé àárín agboolé

Ní abúlé Ytterby, ní ìtòsí Stockholm ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n rí òkúta kan tí èròjà mẹ́rin gba orúkọ láti ara abúlé náà: yttrium, terbium, erbium àti ytterbium. Carl Gustaf Mosander ló ya erbium sọ́tọ̀ ní 1843. Àwọn èròjà ìdílé yìí ni wọ́n ń pè ní rare earth, èyíinì ilẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n. Lójú tiwa, orúkọ náà kò bá wọn mu. Cerium tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó bàbà nínú ilẹ̀. Ohun tó ṣòro ni láti yà wọ́n kúrò lára ara wọn, nítorí wọ́n jọra bí ìbejì. Òkúta monazite tó ń bá tánganran jáde ní Jos ní cerium, lanthanum àti neodymium nínú, ṣùgbọ́n thorium tó ń ta ìtànṣán olóró wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ máa kó wálé bí eré.

Kí ló mú kí erbium dára fún iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀? Ẹ ronú sí agboolé àtijọ́ kan ní Bẹ́yẹrúnkà. Àwọn yàrá tó wà lóde ń gbọ́ ariwo ọjà àti ti mọ́tò. Ẹni tó bá wà ní yàrá inú lọ́hùn-ún, ariwo kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Nínú átọ́ọ̀mù erbium, àwọn ẹlẹ́kítíróònù tó ń bá ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ wà ní yàrá inú, àwọn mìíràn sì yí wọn ká lóde bí ògiri. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ gíláàsì tó yí átọ́ọ̀mù náà ká kò rí wọn pa lára púpọ̀. Ibi yòówù kí a gbé erbium sí, ní àyíká 1,530 sí 1,560 nánómítà ni yóò máa tàn. Orí sì ṣe é ní rere, ibẹ̀ gan-an ni gíláàsì ti mọ́ jù.

Bí ó ṣe ń tàn nìyí. Ẹ fi ẹlẹ́kítíróònù wé ẹni tó fẹ́ gun àtẹ̀gùn òkè Màpó. Ìmọ́lẹ̀ alágbára tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 980 nánómítà ni wọ́n fi ń tì í gòkè. Tó bá dé òkè, kò lè dúró níbẹ̀. Kíá ni ó já sí ìpele àárín. Ní ìpele àárín yìí ni ó ti ń sinmi fún nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Lójú tiwa, ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú ojú. Lójú átọ́ọ̀mù, ọjọ́ ayé ni. Láàárín àkókò ìsinmi yìí, bí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti Portugal bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ta á jí, ẹlẹ́kítíróònù náà yóò sọ̀kalẹ̀, yóò sì tu ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ tó bá ti àkọ́kọ́ mu ní àwọ̀, ní ọ̀nà tó dojú kọ, àní ní ìṣísẹ̀. Ẹ wo bí mọ́múù ṣe ń tẹ̀lé ìmáámù, tí gbogbo sàfù ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Albert Einstein ti fi ìṣirò sọ ní 1917 pé irú ìtají yìí yóò máa ṣẹlẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ronú ohun tí wọ́n lè fi ṣe.

Wáyà onierbium tó gùn tó mítà mẹ́wàá tàbí ogún péré lè sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì bìkítà fún iye àwọ̀. Àwọ̀ mélòó kan tó bá ṣáà ti wà láàárín 1,530 sí 1,560 nánómítà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò fún gbogbo wọn lágbára. Àbùkù rẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹ́kítíróònù kan kì í dúró de ìpè. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀ sì jẹ́ ariwo lásán tó ń pọ̀ sí i láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń pò ó mọ́ gíláàsì

Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi erbium sínú gíláàsì jọ iṣẹ́ aláró gidigidi. Wọ́n á mú ọ̀pá gíláàsì oníhò, wọ́n á fi iná àti afẹ́fẹ́ olóògùn tẹ́ ìpele gíláàsì tuntun sínú ihò náà, wọn kò sì ní jẹ́ kí ìpele náà yọ́ tán, kí ó lè rọ̀ kí ó sì ní ojú wínníwínní bí kànrìnkàn. Wọ́n á wá rọ omi tí wọ́n ti yọ́ erbium sí sínú rẹ̀, yóò fà á mu bí aṣọ ṣe ń fa aró mu. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fi iná dí gbogbo ojú rẹ̀, ihò àárín yóò pa dé, wọ́n á sì fa ọ̀pá náà gùn di wáyà nínú iná tó tó nǹkan bíi 2,000 lórí ìwọ̀n Celsius.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni omi. Bí ọ̀rinrin bá kù sínú gíláàsì, gbígbọ̀n rẹ̀ bá agbára erbium mu tó bẹ́ẹ̀ tí yóò máa jí i jẹ, tí yóò sọ ọ́ di ooru. Afẹ́fẹ́ chlorine ni wọ́n fi ń lé e jáde. Ọ̀tá kejì ni ojúkòkòrò. Ẹni tó bá rò pé bí erbium bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, yóò kàbùkù. Bí àwọn átọ́ọ̀mù náà bá fún mọ́ra jù, ọ̀kan yóò máa fi agbára tirẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́, kò ní sí ìmọ́lẹ̀ fún èyí tó fún un, èyí tó gbà á yóò gun òkè jù, yóò sì fi ooru ṣòfò. Silica gíláàsì tó mọ́ kò fẹ́ràn erbium rárá, ńṣe ni erbium ń ṣù pọ̀ nínú rẹ̀. Alumina ni wọ́n ń fi kún un kí wọ́n lè tàn ká. Gíláàsì Ifẹ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà kún fún alumina. Ẹ má wí fún ẹnikẹ́ni pé a sọ pé àwọn ará Ifẹ̀ mọ erbium o! Ohun tí a ń sọ ni pé èròjà kan náà ni.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ṣé erbium nìkan ni? Rárá. Neodymium ni Elias Snitzer fi sínú gíláàsì ní Amẹ́ríkà ní 1961, ó sì fi ṣe lésà oníláàsì gíláàsì àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní àyíká 1,060 nánómítà. Ọmọ-ọmọ iṣẹ́ yẹn ni àwọn pèpéle gíláàsì neodymium tó ju 3,000 lọ tó wà ní National Ignition Facility ní California, èyí tí wọ́n fi so átọ́ọ̀mù hydrogen pọ̀ ní oṣù Disẹ́ńbà 2022, tí agbára tó jáde fi ju ti ìmọ́lẹ̀ tó wọlé lọ. Ní ti praseodymium, a kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníwáyà ìbá fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ní 1,300 nánómítà ni ó ti ń tàn, wáyà àtijọ́ púpọ̀ sì ń lo ìgbì yẹn. Ṣùgbọ́n gíláàsì oxide ń gbọ̀n púpọ̀. Odò tó wà lábẹ́ ìpele praseodymium kò fẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni gbígbọ̀n gíláàsì fi ń sọdá rẹ̀, tí yóò sì ti gbé agbára náà lọ kí ìmọ́lẹ̀ tó jáde. Ti erbium fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ mẹ́fà. Kò rọrùn láti sọdá, ìmọ́lẹ̀ sì ń ráyè jáde.

Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀

Ní 1987, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ David Payne ní Yunifásítì Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Emmanuel Desurvire pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé wáyà onierbium lè fún ìmọ́lẹ̀ lágbára láìsọ ọ́ di iná mànàmáná. Ní 1996, wọ́n ti ń lò ó lábẹ́ òkun Àtìláńtíìkì nínú TAT-12 àti TAT-13. Ní 2002, SAT-3 gbé e dé Èkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Glo-1, MainOne àti WACS dé. Ní 2022 sì ni Equiano gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó. Nínú gbogbo wọn, ní gbogbo 50 sí 100 kìlómítà, àpótí irin kan wà nísàlẹ̀ òkun tí wáyà onierbium wà nínú rẹ̀. Iná mànàmáná ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ 980 inú àpótí náà, láti èbúté ni wọ́n sì ti ń fi iná yìí ránṣẹ́ lórí bàbà tó yí gíláàsì ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àdúgbò wa. Wáyà gíláàsì tó wà lábẹ́ títì ní ìlú, láti Èkó wá sí Ìbàdàn, kì í sábà ní irú bàbà bẹ́ẹ̀ nínú. Síbẹ̀ àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀ lóru láti gé e tà. Gíláàsì àti ọ̀rá ni wọ́n máa bá níbẹ̀, kò sí alágbàtà tí yóò fún wọn ní kọ́bọ̀ lé e lórí, àmọ́ gbogbo àdúgbò yóò ti pàdánù. Àwọn tó ń la títì àti àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà náà ń gé e láìmọ̀. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àṣẹ kan tó sọ irú wáyà wọ̀nyí di ohun ìní pàtàkì fún orílẹ̀-èdè, tí ó sì sọ bíbà á jẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí i tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ ní ojúlé yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ kí díńgà tó wọlé.

A tún mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ti ń kọ́ṣẹ́ síso wáyà gíláàsì pọ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ṣe gbé ẹnu wáyà tí wọ́n gé sójú láé, láti wò ó bóyá iná wà níbẹ̀. Ojú kò rí ìmọ́lẹ̀ náà, nítorí náà ìpéǹpéjú kò ní sẹ́ láti dáàbò bo yín. Èyí tó jẹ́ 980 nánómítà ń gba iwájú ẹyinjú kọjá lọ jó ẹ̀yìn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, níbi tí a fi ń ríran. Èyí tó jẹ́ 1,550 ń jó iwájú ẹyinjú bí agbára rẹ̀ bá pọ̀. A sì ti sọ ṣáájú pé kámẹ́rà fóònù tó rí ti rìmóòtù kò rí 1,550, kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò kí ó wá sọ pé òkùnkùn ni. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ẹnu wáyà. Kí ọ̀gá tó bá gbà yín síṣẹ́ fi í lé yín lọ́wọ́. Àwọn èérún gíláàsì tí ẹ bá gé kúrò, inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ sì má jẹun lórí tábìlì náà; èérún tó wọ ẹran ara ṣòro láti rí.

Fún ìjókòó Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mú rìmóòtù kan àti fóònù oríṣiríṣi wá, kí a wo èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ ń rí ìmọ́lẹ̀ náà àti èyí tí kò rí i. Kí wọ́n sì mú ìdáhùn wá fún ìbéèrè méjì yìí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń di ìdajì ní gbogbo 15 kìlómítà, tí ẹ̀rọ onierbium kan sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po 64, kìlómítà mélòó ni a lè fi sí àárín ẹ̀rọ kan àti èkejì? Èkejì: kí ló dé tí ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ti ẹlẹ́kítíróònù gòkè fi gbọ́dọ̀ ní ìgbì tó kúrú ju ti èyí tó ń tú sílẹ̀ lọ?